Àṣá àti Ọmọ Bàbá Fèrè

Ọwọ́ ni Àṣá kọ́kọ́ rí kó tó rí ẹni tó ni ín. Láti inú yàrá kótópó tó wà lókè kíréènì, níbi tí èèyàn ti ń wo gbogbo ọgbà ilé-iṣẹ́ irin bí ẹni ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó bojú wolẹ̀, ó sì rí apá ọ̀tún kan tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ìgúnpá rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ ń yí roboto nínú afẹ́fẹ́. "Gbé e sókè," ni ọwọ́ náà ń wí. Ẹnìkan ṣoṣo ni Àṣá mọ̀ tó máa ń tẹ ìgúnpá báyẹn, ẹni náà sì wà nílé, ẹsẹ̀ kan ló kù fún un.

Àṣá yọ ọwọ́ kúrò lára ọ̀pá ìdarí bí ẹni pé iná wà lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tètè là á yé yín kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́jú pọ̀. Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Àṣá yìí, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fi kíréènì gbé ìdì irin láti ilẹ̀ sórí ọkọ̀ akẹ́rù. Bó bá ti wà lókè, kì í gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, nítorí náà ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ tí yóò máa fi ọwọ́ júwe fún un: gbé e sókè, sọ̀ ọ́ kalẹ̀, yí i sọ́tùn-ún, dúró. Afọwọ́júwe ni wọ́n ń pe onítọ̀hún. Ó pẹ́ tí òun àti bàbá kan ti jọ ń ṣe iṣẹ́ náà. Bàbá Fèrè ni gbogbo ọgbà ń pe bàbá yìí nítorí fèrè tí kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ọwọ́ Bàbá Fèrè ni Àṣá fi ń ríran, títí di ọjọ́ tí ṣéènì já.

Ìdì irin kan wà lófuurufú lọ́jọ́ náà nígbà tí ṣéènì apá kan já. Ìdì náà fì, ó dorí kọ àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Bàbá Fèrè na apá gbọọrọ sápá ọ̀dọ̀ ara rẹ̀: gbé e wá síbí. Àṣá sì gbé e lọ síbẹ̀. Àwọn mẹ́rin náà bọ́ nínú ewu, àmọ́ irin já sí ibi tí Bàbá Fèrè dúró sí, wọ́n sì ní láti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan nílé ìwòsàn kí wọ́n tó lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Àwọn tó wá ṣe ìwádìí sọ pé ṣéènì náà ti sán nínú, níbi tí ojú lásán kò lè rí. Wọn kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Wọn kò sì bi Àṣá léèrè ìdí tó fi yí ẹrù náà padà, òun náà kò sọ. Ọwọ́ mi ló ti irin lọ bá bàbá yẹn: ohun tó ń wí fún ara rẹ̀ nìyẹn láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́.

Ọmọ Bàbá Fèrè ló ni ọwọ́ tó wà nílẹ̀ yìí. Ibòmíràn ló ti ń ṣe iṣẹ́ afọwọ́júwe tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́, èèyàn dáadáa tí àánú rẹ̀ máa ń sáré ṣíwájú ìrònú rẹ̀, ló mú un wá sí ipò bàbá rẹ̀ kí ilé wọn má baà ṣaláìní. Ó rò pé oore lòun ṣe. Kò rò ó rárá pé ẹni tí yóò máa wo ọwọ́ náà láti òkè lójoojúmọ́ lè máa bẹ ilẹ̀ pé kó lanu gbé òun mì.

Ọmọkùnrin náà tún yí ìka. Kíréènì kò mira. Awakọ̀ akẹ́rù tẹ fèrè ọkọ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ọmọkùnrin náà yíjú sí i, ó sọ nǹkan kan fún un, ariwo sì dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ṣí akoto orí rẹ̀, ó jókòó sórí ìdì irin kan, ó sì gbé ojú sókè. Kò juwọ́ mọ́. Ó kàn jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí kò ní ibi kankan í lọ.

Nígbà tó yá, Àṣá sọ̀ kalẹ̀. Àkàbà náà gùn. Ọmọkùnrin náà dìde dúró.

"Ẹ káàárọ̀," ó wí. "Ẹ má bínú, mo dẹ́rù bà yín. Bàbá mi ní kí n kí yín."

Gbogbo àwọn tó wà nítòsí dorí kodò, wọ́n ń wo bàtà ara wọn. Àṣá kọjá lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, ó ti ilẹ̀kùn. Àmọ́ ó ti rí i pé ojú ọmọkùnrin náà balẹ̀, pé ó ní èjí, inú sì ń bí i sí ara rẹ̀ pé òun rí i.

Láti ọjọ́ náà, ẹlòmíràn ló ń wa kíréènì, Àṣá kàn ń jókòó tì í lókè láìfọwọ́ kan ọ̀pá ìdarí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ ọmọkùnrin náà lórúkọ. Bí ẹrù bá ti fẹ́ẹ̀ kanlẹ̀, á gbé ọwọ́ kan lé ọwọ́ kejì, àmì pé kí wọ́n rọra, kò sì sí ẹrù tó kéré jù fún un láti rọra gbé. Wọ́n bá ń pè é ní Jẹ́jẹ́. Kò bá wọn jà sí i. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, òun ló máa ń fi dá wọn lóhùn.

Ní ti Àṣá, àwọn ará ọgbà fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Kó tó ti ìsinmi tó gbà lẹ́yìn ìjàǹbá náà dé ni wọ́n ti fẹnu kò nílé oúnjẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dárúkọ Bàbá Fèrè létí rẹ̀. Wọ́n gbé àga bàbá náà pamọ́. Wọ́n kun ilẹ̀ ibi tó ṣubú sí. Wọ́n yọ ife rẹ̀ kúrò lórí pẹpẹ. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ bàbá náà lọ́wọ́ tí Àṣá bá wọlé, ọ̀rọ̀ á gé, ẹnìkan á sì yára bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ni wọ́n ń wí fún ara wọn. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é o. Ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún ni kò mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Lójú tirẹ̀, wọ́n ti dá a lẹ́jọ́ láìpè é.

Ọ̀gá náà ti dá kún un. Nígbà tí Àṣá wà nílé, ó pè é lórí fóònù pé kó má lọ sọ́dọ̀ Bàbá Fèrè, kó má baà ṣí ojú ọgbẹ́. Ó sì kìlọ̀ fún àwọn ará ilé bàbá náà pé kí wọ́n má bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni odi ṣe dìde láàárín wọn, àánú ni wọ́n sì fi mọ ọ́n.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ aránṣọ ni Àṣá ń gbé.

"Fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wí.

"Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìwọ tún ń pa òwe. Oúnjẹ ò wọlé, oorun ò wá, ẹ̀jẹ̀ wà nínú ẹ, itọ́ funfun lò ń tu jáde. Ta lò ń tàn?"

Àṣá mọ̀ pé òótọ́ ni. Kò mọ ohun tó kàn ni.

Ilé-iṣẹ́ náà ti gba obìnrin kan tó mọ̀ nípa ọkàn tó fara gbọgbẹ́. Ní Ọjọ́bọ̀, á wá jókòó sí yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé oúnjẹ, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á wọlé tọ̀ ọ́, ohun tí wọ́n bá sì sọ níbẹ̀ kò ní í jáde. Ìyá Agbọ́rọ̀ ni wọ́n ń pè é. Yàrá rẹ̀ ni wọ́n wá ń pè ní Yàrá Ẹkún, kò sì sí ẹni tó ń débẹ̀. Wọ́n ń bẹ̀rù pé ẹni tó bá wọ ibẹ̀, wèrè ni wọ́n máa pè é, òun sì ni wọ́n máa kọ́kọ́ lé bí iṣẹ́ bá dín kù. Láti òkè ni Àṣá ti ń wò ó: obìnrin náà á ṣí fèrèsé, á bomi rin òdòdó rẹ̀, á mu tíì, á sì relé.

Lọ́jọ́ kan, lákòókò ìsinmi ọ̀sán, ó rí Jẹ́jẹ́ tó la àárín ọgbà kọjá. Kò gba ẹ̀yìnkùlé. Ó kan ilẹ̀kùn Yàrá Ẹkún lójú gbogbo ayé, ó sì wọlé. Àṣá ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ àkàbà nígbà tó jáde.

"Jẹ́jẹ́," ni ọ̀kan nínú àwọn adìrin, àwọn tó ń di irin pọ̀, kígbe, "ṣé omijé ti tán?"

"Ó ku díẹ̀," ó dáhùn. "Mo máa parí ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò kúrò níbẹ̀.

"Tí mo bá dé ibi tí bàbá mi ṣubú sí, orí mi máa ń yí mi," ó wí. "Ibẹ̀ sì ni mo gbọ́dọ̀ dúró sí láti ṣiṣẹ́. Ta ni kí n sọ fún? Ìwọ?"

Adìrin náà wo ilẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tí irin náà ì bá pa ni. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ìyá yẹn, ṣé wọ́n máa ń jẹ́ kéèyàn rí oorun sùn?"

"Mi ò tíì mọ̀. Àmọ́ wọ́n mọ bí a ti ń gbọ́rọ̀."

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, adìrin náà lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Àṣá náà lọ. Kò sọ ohun púpọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó kàn sunkún, Ìyá Agbọ́rọ̀ sì jẹ́ kó sun ún tó.

Obìnrin náà ló bá ọ̀gá sọ ọ́ pé kí Àṣá kọ́kọ́ máa gbé ìkọ́ òfìfo, kó tó gbé ẹrù. Nítorí náà, ní àárọ̀ kan, ìkọ́ kíréènì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lójú ọ̀run láìgbé nǹkan kan, Jẹ́jẹ́ sì dúró nísàlẹ̀, ó gbójú le, ó ń júwe fún un bí ẹni pé ẹyin ló kún inú rẹ̀. Ó yí ìka. Ó na apá. Ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́. Nígbà tí ìkọ́ kanlẹ̀, ó yí i ká, ó sì tẹ orí ba bí ẹni tó yẹ ẹrù iyebíye wò. Nínú yàrá kótópó, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè gbọ́ ọ, Àṣá rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ẹ̀rín ara rẹ̀ kẹ́yìn.

"Kí ló dé tó o fi ń júwe fún ìkọ́ òfìfo bí ẹni pé ọba ló jókòó síbẹ̀?" ó bi í nígbà tó sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń gbé e. Mi ò lè fojú di ohun tó wà lọ́wọ́ yín."

"Má ṣe ẹ̀yin sí mi mọ́. Ṣé mo ti gbó tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ẹni tó bá wà lókè, ẹ̀yin là ń pè é."

"Mo ti sọ̀ kalẹ̀ báyìí."

"Ó dáa. Ìwọ, ṣé o máa mu tíì?"

Wọ́n mu tíì náà lórí bẹ́ǹṣì kan lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí. Láti ọjọ́ náà, bẹ́ǹṣì yẹn di tiwọn. Búrẹ́dì ni wọ́n sábà máa ń jẹ níbẹ̀, Jẹ́jẹ́ ló sì ń jẹ èèpo etí rẹ̀ nítorí Àṣá kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó ń gbé irin kò lè jẹ èèpo búrẹ́dì. Àṣá náà ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí wọ́n bá rán an lọ bu omi fi paná, ilé á ti jó tán kó tó dé. Díẹ̀díẹ̀, ìkọ́ òfìfo di irin ẹyọ kan, irin ẹyọ kan di ìdì kékeré, ìdì kékeré di ńlá. Nígbà tí Àṣá bá bojú wolẹ̀ báyìí, kì í ṣe ọwọ́ bàbá nìkan ló ń rí mọ́. Ọwọ́ Jẹ́jẹ́ ni. Ó ti fẹ́ràn rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n bí ebi ṣe ń pani tí a kì í jiyàn rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ń gún un. Lójoojúmọ́ ni Jẹ́jẹ́ ń sọ fún un pé, "Bàbá mi kí ọ."

"Jọ̀ọ́," ni Àṣá wí lọ́jọ́ kan, "má jẹ́ iṣẹ́ yẹn fún mi mọ́."

Jẹ́jẹ́ gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Mo lè gbé e sínú. Àmọ́ tí wọ́n bá bi mí nílé, mi ò ní sọ pé mo jẹ́ ẹ. Mi ò lè purọ́ fún bàbá mi."

"Kí ni wọ́n ń fẹ́ gan-an?"

"Wọn ò sọ. Wọ́n ṣáà ní kí n kí ọ."

Àṣá ní kó máa jẹ́ ẹ nígbà náà. Bó bá ti gbọ́ ọ, á mi orí, á sì wo ibòmíràn.

Ọjọ́ kan tí òjò dá iṣẹ́ dúró, wọ́n jọ sá sí abẹ́ àjà ilé ìkẹ́rùsí. Jẹ́jẹ́ di akoto rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń yí i po.

"Àṣá mi," ó wí, "mi ò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ. Mo fẹ́ kó o jẹ́ aya mi."

Ayọ̀ sọ nínú Àṣá, ẹ̀rù sì tẹ̀ lé e gírígírí. "Ṣé o ti sọ fún wọn nílé?"

"Mo ti sọ fún ìyá mi."

"Kí ni wọ́n wí?"

Ẹlòmíràn á purọ́ níbí yìí. Jẹ́jẹ́ kò purọ́. "Wọ́n ní ọwọ́ tó sọ ọkọ àwọn di arọ kò ní í gbọ́mọ ọmọ àwọn. Wọ́n ní látìgbà tó ti ṣẹlẹ̀, o ò yà kí wọn lẹ́ẹ̀kan."

"Òótọ́ ni wọ́n sọ."

"Mo lè dúró. Ìyá mi kì í ṣe òkúta."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyá ẹ nìkan," ni Àṣá wí. Omijé ti gba ojú rẹ̀. "Mo fẹ́ràn ẹ. Mi ò ní fi ìyẹn pamọ́. Àmọ́ báwo ni mo ṣe fẹ́ di ìyàwó nínú ilé tí mi ò lè wọ̀? Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa jí wo ojú bàbá ẹ?"

Ní ọjọ́ kejì, Àṣá bẹ ọ̀gá pé kó gbé òun lọ sórí kíréènì kejì tó wà ní ìpẹ̀kun ọgbà. Ọ̀gá gbà, nítorí kì í mọ bí a ti ń sọ pé rárá fún ẹni tó ń jìyà. Jẹ́jẹ́ kò lépa rẹ̀ lọ síbẹ̀. Àmọ́ ní àkókò ìsinmi kọ̀ọ̀kan, ife tíì kan wà lórí bẹ́ǹṣì náà tí wọ́n fi àwo dé. Àṣá ń rí i láti òkè. Kò lọ mu ún, kò sì lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi dákẹ́ ọ̀rọ̀ líle sísọ sí i.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Agbọ́rọ̀ ni Àṣá padà gbé ọ̀rọ̀ náà lọ.

"Ó dà bí ẹni pé ohun kan ṣì wà tó ò tíì sọ," ni obìnrin náà wí.

Àṣá bá sọ ọ́. Ó sọ bí Bàbá Fèrè ṣe na apá, bí òun ṣe rí i pé ibi tó dúró sí gan-an ló ń júwe, bí òun ṣe mọ̀ ọ́n tí òun sì ti ọ̀pá ìdarí. Ó dúró kí obìnrin náà sọ pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Obìnrin náà kò sọ bẹ́ẹ̀.

"Ẹrù yìí wúwo púpọ̀ fún ẹnìkan láti dá gbé," ó wí. "Èmi ti gbọ́ ọ báyìí. Ṣé ẹlòmíràn tún wà tó yẹ kó gbọ́ ọ?"

"Ó wà, mà."

"Ṣé o fẹ́ kó gbọ́ ọ?"

"Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù lè máa bà ọ́ kó o lọ. Ó sì lè máa bà ọ́ kó o má lọ. Ìwọ lo máa yàn án. Tó o bá máa lọ, màá bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀ kó má ṣe dí ọ lọ́wọ́."

Ọ̀gá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó fọwọ́ ra orí. Ó ní òun rò pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni oògùn rẹ̀. Ó wá sọ fún Àṣá fúnra rẹ̀ pé kò yẹ kí òun dá a dúró, ohùn rẹ̀ kò sì le.

Àṣá sọ fún Jẹ́jẹ́ pé òun fẹ́ lọ kí bàbá rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, Jẹ́jẹ́ wá dúró dè é lẹ́nu àdúgbò wọn. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn, Àṣá fẹ́ yí padà. Jẹ́jẹ́ kò dì í mú. "Tó o bá fẹ́ padà, màá sìn ọ́ délé," ó wí, "ohun tí mo ń rò nípa ẹ ò sì ní í yí padà." Àṣá bá kan ilẹ̀kùn.

Ìyá ló ṣí i. Obìnrin kúkurú ni, ojú rẹ̀ le, ó sì rẹ̀ ẹ́. Ó wo Àṣá láti òkè dé ilẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà."

"Wọlé. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń retí ẹ."

Bàbá Fèrè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, aṣọ bo itan rẹ̀, ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì fara ti ògiri. Ó ti rù. Nígbà tó rí Àṣá, ó na ọwọ́ sí i kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú."

"Mi ò bínú, ọmọ mi. Jókòó síbi tí mo ti lè rí ojú ẹ. Ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ìwọ nìkan lo lè bá mi sọ ọ́. Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

Ìyá sún mọ́ wọn. "Bàbá ọmọ, ẹ rántí pé wọ́n ní ká má ṣí ojú ọgbẹ́ náà."

"Ó ti ń kẹ̀ nínú, ìyá ọmọ. Jẹ́ ká ṣí i." Ó kọjú sí Àṣá padà. "Mo rántí pé mo mu tíì láàárọ̀. Mo rántí pé mo fọn fèrè. Ohun tí mo tún rí ni òrùlé ilé ìwòsàn. Gbogbo ẹni tó wá kí mi, tí mo bá bi í, á ní kí n ṣáà dúpẹ́ pé ẹ̀mí wà, á sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ òjò. Tí gbogbo èèyàn bá ń fi nǹkan pamọ́ fún àgbàlagbà, ó ní ohun tó máa rò. Mo ti gbà pé èmi ni mo ṣìwà hù. Mo ti gbà pé ojú mi ti di bàìbàì, pé mo rìn lọ sábẹ́ ẹrù bí ọmọdé, pé mo fẹ́ẹ̀ pa ọmọ ọlọ́mọ. Ìwọ lo wà lókè. Mo ń kí ọ lójoojúmọ́ kó o lè wá sọ fún mi."

Ẹnu ya Àṣá. Gbogbo ìgbà tí òun fi ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi, ẹlòmíràn jókòó sínú yàrá yìí, ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi fún ohun kan náà.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ kéré lákọ̀ọ́kọ́. "Ìdì irin ti dé àárín, sà. Ẹ gbé ọwọ́ lé ọwọ́, ẹ ní kí n rọra. Ni ṣéènì bá já lápá òsì. Ẹrù fì, ó dorí kọ àwọn mẹ́rin yẹn. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i, wọn ò rí i. Ẹ̀yin rí i. Ẹ ò sá, sà. Ẹ na apá yín."

"Sápá ibo?"

"Sọ́dọ̀ ara yín. Kò síbòmíràn tí èèyàn ò sí." Ó mí kanlẹ̀. "Mo rí i pé ibi tí ẹ dúró sí lẹ̀ ń júwe. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì gbé e wá. Ohun tí mi ò lè wá sọ fún yín láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Ọwọ́ mi ni, sà."

Ó bú sẹ́kún. Jẹ́jẹ́, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ ìgbà tí omijé dé ojú òun náà.

"Ọwọ́ wo ni mo nà?" ni Bàbá Fèrè bi í.

"Ọ̀tún, sà."

"Mo nà án tán, àbí ó ń gbọ̀n?"

"Ẹ nà án tán. Kò gbọ̀n rárá."

Bàbá náà gbé orí lé ẹ̀yìn àga. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀. "Ìyá ọmọ, ṣé o gbọ́? Kò gbọ̀n. Iṣẹ́ mi ni mo ń ṣe." Ó di ọwọ́ Àṣá mú. "Ká ní o gbé e lọ síbòmíràn ni, ẹsẹ̀ mi ì bá pé, àmọ́ oorun ò ní í wá sójú mi mọ́ láyé. Èmi ni mo rán ọ. O sì jẹ́ iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ."

Ìyá wá bi Àṣá ní ìbéèrè kan. "Àwọn mẹ́rin náà, ṣé adìrin tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ wà lára wọn?"

"Ó wà lára wọn, mà."

Ó jókòó. "Mo gbé ọmọ yẹn lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá," ó wí. "Mi ò mọ̀." Ó gbójú sókè wo Àṣá. "Kí ló dé tó ò wá látìgbà yìí?"

"Wọ́n ní kí n má wá, mà. Ìtìjú náà sì dì mí mú."

"Àwa náà, wọ́n ní ká má béèrè." Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Mi ò ní purọ́ fún ẹ. Tí mo bá wò ẹ́, ẹsẹ̀ ọkọ mi ni mo ṣì ń rí. Ó máa gbà mí díẹ̀. Àmọ́ máa bọ̀, kí ojú mi lè mọ́ ẹ lára."

Àṣá ń bọ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ó wọ ilé oúnjẹ, ó sì sọ ọ́ sókè pé, "Bàbá Fèrè kí gbogbo yín." Ṣíbí dúró lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ẹnìkan béèrè bí ara bàbá ṣe rí, ẹlòmíràn rántí ẹ̀fẹ̀ kan tó máa ń ṣe, ọ̀rọ̀ sì tú jáde bí omi tí wọ́n ṣí ìdènà rẹ̀. Àwọn mẹ́rin náà lọ kí i. Bàbá Fèrè mú kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ sọ, ó sì bi wọ́n bóyá wọ́n rí apá òun. Wọ́n gbé àga rẹ̀ padà sí ọgbà fún ọjọ́ tó bá fẹ́ wá jókòó. Ní Ọjọ́bọ̀, èèyàn ń dúró de ara wọn lẹ́nu ilẹ̀kùn Ìyá Agbọ́rọ̀, wọn kò sì pe ibẹ̀ ní Yàrá Ẹkún mọ́.

Àṣá padà sórí kíréènì rẹ̀, Jẹ́jẹ́ sì wà nísàlẹ̀. Kò tún bi í ní ìbéèrè ọjọ́ òjò náà. Ó ń dúró, nítorí ó ti sọ pé òun lè dúró.

Ọjọ́ Àìkú kan, Àṣá ń bá ìyá sá aṣọ lẹ́yìn ilé. Jẹ́jẹ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń pààrọ̀ rọ́bà ìdí ọ̀pá ìtilẹ̀ bàbá rẹ̀. Aládùúgbò kan yọjú lórí ọgbà.

"Ìyá, ta ni arẹwà tí mo máa ń rí lọ́dọ̀ yín yìí?"

Ìyá kò yíjú. Ó gbọn aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pàà, ó tẹ́ ẹ sórí okùn. "Ìyàwó ọmọ mi ni," ó wí, ó sì tẹ̀ síwájú láti mú aṣọ mìíràn. Aládùúgbò kí wọn kú oríire, ó sì wọlé rẹ̀ lọ. Ìyá náà gbé agbọ̀n òfìfo, ó wọlé.

Àṣá dúró, aṣọ tútù lọ́wọ́ rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ti dìde.

"Ṣé o gbọ́ ohun tí wọ́n sọ?"

"Mo gbọ́."

"Mi ò rán wọn o."

"Mo mọ̀."

"Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, màá lọ sọ fún wọn kí wọ́n má sọ ọ́ káàkiri."

Àṣá tẹ́ aṣọ náà sórí okùn, ó fọwọ́ na etí rẹ̀ kó gún, ó sì wò ó tààrà lójú.

"Ta ni mí," ó wí, "tí mo fi máa sọ ìyá ọkọ mi di òpùrọ́?"